Ẹni Tí Igi Ọsàn Mi Bá Dí Lọ́wọ́, Kí Ó Gbé E

Èmi akọ̀wé tí mo háyà yàrá iwájú nínú ilé yìí ni mo kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀. Onílé mi ló ń sọ ọ́; ọwọ́ nìkan ni tèmi. Bàbá kò lọ sílé ìwé rí, ṣùgbọ́n gbogbo ìlà tí mo bá kọ tán ni wọ́n ń ní kí n kà padà fún àwọn. Bí mo bá ti fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un, wọ́n á ní kí n pa á rẹ́, pé àwọn kò bẹ̀ mí níyọ̀ sọ́bẹ̀ àwọn.

Ìdí tí wọ́n fi pè mí kò ju báyìí lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n jí lójú oorun, wọ́n yọjú sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n sì bá àkọ́bí wọn tó na okùn ìwọnlẹ̀ láti ìdí igi ọsàn dé ẹnu géètì. Wọn kò bi í léèrè ohunkóhun. Wọ́n kàn wá kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n ní, "Akọ̀wé, mú bírò rẹ. Mo ṣì ń mí, wọ́n ti ń wọn ibi tí mo wà." Abẹ́ igi náà gan-an la jókòó sí, nítorí wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú yàrá. Ọ̀rọ̀ wọn nìyí.

Èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Agbégirìn, ọmọ àgbẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ọgbà fún onílé, tó sì ń ta ọmọ igi fún ẹni tó bá fẹ́ gbìn, ni mo ń há ogún mi. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí wà nínú ìwé ilẹ̀. Ẹni tó bá wù, kó lọ wò ó níbẹ̀. Agbégirìn ni mo fẹ́ nínú ìwé yìí. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi sọ mí bẹ́ẹ̀. Mo gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn, mo wẹ̀ ẹ́, mo wọṣọ fún un, ó sì ti di oyè.

Kí ó di mímọ̀ pé orí mi pé. Orúnkún mi ni kò pé mọ́, orúnkún kì í sì í pín ogún. Kò sí ẹni tó fipá mú mi, kò sì sí ẹni tó fi ọtí tàn mí. Bí ẹnikẹ́ni bá dìde lọ́la pé arúgbó ti ń ṣe mí, pé n kò mọ ohun tí mo ń sọ, kí ó lọ bi ìyàwó mi. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ló ti ń retí ọjọ́ tí n kò ní mọ ohun tí mo ń sọ, kí òun lè rí ọ̀nà borí mi nínú àríyànjiyàn. Kò tíì rí ọjọ́ náà.

1. Ìyàwó mi àti ọmọbìnrin mi nọ́ọ̀sì ni mo yàn láti mójú tó ìwé yìí. Ìyàwó mi ni yóò máa sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, nítorí ó ti ń sọ ọ́ fún mi tipẹ́ kí èmi fúnra mi tó mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì ni yóò máa rí i pé wọ́n ṣe é. Àkọ́bí mi, awakọ̀ lọ́rí, kò sí lára wọn. N kò bínú sí i o. A kì í kàn fi ewúrẹ́ ṣọ́ àgbàdo ni.

2. Apá ọ̀tún ilé bàbá mi, tí mo ń gbé, láti ògiri àárín dé ojú títì, ìyàwó mi ni kí ó máa gbé inú rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn ọmọ mi méjèèjì ní in dọ́gba-dọ́gba. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé akọ̀wé kúrò ní yàrá iwájú, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti da omi ọṣẹ sí ìdí ọmọ igi mi mọ́. (Èmi akọ̀wé bẹ̀ wọ́n pé kí a yọ gbólóhùn yìí kúrò. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ kí ó tóbi.) Ẹ̀gbọ́n mi télọ̀, tí wọ́n ni apá òsì ilé náà: n kò fún wọn ní nǹkan kan nínú apá tèmi, ì báà ṣe ìṣó ara ògiri.

Kí ẹni tó ń ka ìwé yìí dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí bàbá wa kúrò lóko wá sí ìgboro, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mú bọ̀ láti oko ni ọmọ igi ọsàn kan nínú ìkòkò tó ti là. Wọ́n gbìn ín sẹ́yìn ilé kí wọ́n tó rántí kan ilẹ̀kùn sí yàrá. Abẹ́ rẹ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ gbogbo ìjà tí a mọ̀. Bàbá wa kú tán, àwọn àgbà ẹbí ta okùn láti iwájú ilé dé ẹ̀yìn, wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀: ọ̀tún tèmi, òsì ti ẹ̀gbọ́n mi. Okùn náà gba ẹ̀gbẹ́ igi ọsàn kọjá bí onígbèsè tó rí olówó lójú ọ̀nà. Igi bọ́ sí òsì.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ síbẹ̀, wọ́n sì ti bá ẹni tí yóò gé igi náà sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọn kò gbọ́. Mo mú ọ̀rẹ́ mi Káfíńtà dání, a jọ lọ bẹ̀ wọ́n. A bá wọn níbi tí wọ́n ti ń wọn ṣòkòtò sí oníbàárà kan lára, abẹ́rẹ́ kún ẹnu wọn, wọ́n sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu dá mi lóhùn: "Àbúrò, ṣé igi ni àbí àfẹ́sọ́nà? Bó bá dùn ọ́ tó bẹ́ẹ̀, gbé e. Okùn rèé, apá tìẹ nìyẹn. Gbé igi ẹ kóo yáa máa lọ." Oníbàárà rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un nítan.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Màá gbé e."

Nígbà náà ni wọ́n yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀ bí aṣọ tí kò tó bùbá. Wọ́n ní, "Igi tó ti ń bímọ, ta ló ń ṣí i nípò? Ọjọ́ tó bá yè lọ́dọ̀ ẹ, wá pè mí. Màá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé pé ó yè, màá sì fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí, níṣojú ẹni tó bá fẹ́ wò."

Káfíńtà gbọ́. Oníbàárà gbọ́. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan. A ó padà wá mú un.

3. Ọkọ́ mi méjèèjì, ṣọ́bìrì tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ dé ìdajì, àdá kékeré àti ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ẹ̀ka, mo fi gbogbo wọn fún ọmọ mi nọ́ọ̀sì. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí ó tó bọ́ bàtà, á kọ́kọ́ yí ewé wò lábẹ́, bí ẹni ń ṣí ìpéǹpéjú aláìsàn. Ẹni tó ń wo abẹ́ ewé ni ọ̀bẹ tọ́ sí.

Ẹnu ṣọ́bìrì yẹn kò déédéé jẹ. Òun ni mo fi gbẹ́ ilẹ̀ yí igi ọsàn ká. Àwọn tó wá wòran rò pé n ó fà á tu bí èpò, kí n gbé e lé èjìká. Bàbá wa ti kọ́ wa pé igi dà bí àgbàlagbà tó fẹ́ kó kúrò nílé: ẹ gbọ́dọ̀ fún un láyè kí ó di ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, mo gbẹ́ kòtò tóóró sí apá kan ìdí rẹ̀, mo gé àwọn gbòǹgbò gígùn tó ti ń rìnrìn àjò lọ sílé onílé, mo sì fi ilẹ̀ dúdú àti ewé jíjẹrà dí kòtò náà padà. Mo fi í sílẹ̀ kí ó rọra yọ gbòǹgbò wẹ́wẹ́ sí ìtòsí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó ṣe apá kejì. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń kígbe pé mo ti sọ ẹ̀yìn ilé àwọn di ojú ogun. Síbẹ̀ wọn kò dá mi dúró. Iwájú oníbàárà ni wọ́n ti sọ pé kí n gbé e, télọ̀ gidi kì í sì í tú ohun tó bá rán níṣojú oníbàárà.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń ṣú, Káfíńtà kó pákó wá, àti igi róbótó tí a ó fi yí i lọ sí apá tèmi. A dín ẹ̀ka kù, a fi àpò dì ìdí igi náà tòun terùpẹ̀ rẹ̀, a ta okùn mọ́ ọn, a pe àwọn tó ń wòran pé kí wọ́n wá fi ẹnu tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín fún eyín pọ̀ kí wọ́n fà. Wọ́n fà á. Igi jáde nínú ihò, a sì tẹ́ ẹ sórí pákó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní nǹkan kan. Igi ní ojú. Apá tó fi ń wo ibi tí oòrùn ti ń yọ, apá náà ló gbọ́dọ̀ máa fi wò ó níbi tuntun; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oòrùn á jó èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò mọ oòrùn rí. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ojú igi náà kí a tó gbé e. A tẹ́ ẹ sórí pákó tán báyìí ni òjò dé. Òjò náà kò rọ̀, ó dà ni. Oníkálukú sá wọlé. Ilẹ̀ mọ́, a jáde, a bá ara igi tó mọ́ tónítóní bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ṣọ́ọ̀kì ti bómi lọ. Ọ̀rẹ́ mi Káfíńtà wò mí, ó ní, "Ọmọ àgbẹ̀, ojú rẹ̀ dà?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí igi náà ká.

Síbẹ̀ mo gbìn ín bó ṣe yẹ, ojú sí oòrùn. Bí mo ṣe mọ ojú rẹ̀, ìkẹyìn ni màá sọ ọ́. Kò sí ẹni tí mo sọ fún rí, títí kan ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ tí mo sì lè fi pamọ́ fún obìnrin yẹn, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni.

4. Ewúrẹ́ dúdú, tòun tokùn ọrùn rẹ̀, mo fi fún àkọ́bí mi awakọ̀. Èrò àwọn méjèèjì nípa igi kò yàtọ̀ síra.

Ọmọ dáadáa ni o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Títì ni lọ́rí rẹ̀ ń sùn, àwọn aláìníṣẹ́ sì máa ń tú afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ún, pé ó fẹ́ kí a gé igi kí lọ́rí lè ríbi wọlé. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé, "Bàbá, igi kan ṣoṣo ni, ọsàn kún ọjà." Mo ní kí ó tún un sọ, bóyá etí mi ló ń ṣe mí. Ó tún un sọ. Ọsàn kún ọjà lóòótọ́. Bàbá kún ọjà bákan náà. Kí ó lọ ra òmíràn.

5. Bẹ́ǹṣì abẹ́ igi, rédíò mi, àti gbogbo owó tó bá wà nínú àpótí, ti ìyàwó mi ni. Bẹ́ǹṣì náà, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀ nígbà tí ó bá wà níbẹ̀. Apá tèmi nìyẹn.

Òun ló rán àwọn àpò tí a fi dì ìdí igi. Oyún nọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò ìrẹsì ló fi rán an, ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì ń ṣépè fún mi láàrin ojú rírán kọ̀ọ̀kan. Kò sí ojú rírán kan tó já.

Lẹ́yìn tí a gbìn ín, igi náà wọ́wé. Gbogbo ewé rẹ̀ pátá. Ó dúró nínú ọgbà bí àgbà tí wọ́n bọ́ fìlà àti dàńṣíkí lára rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá kí mi: "Agbégirìn, ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á fi èyí ṣòpin." Wọ́n ń káwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹ̀rín. Ìyàwó mi á jáde sí wọn, á fi ìka sí ẹnu: "Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ó ń sùn." Á sì bu omi sí ìdí igi náà níṣojú wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọmọ lógì. N kò mọ̀ bóyá ó gbà gbọ́ nígbà náà. N kò bi í rí. Èmi mọ̀ pé mo fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka rẹ̀ wò, mo sì rí àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, mo lọ sùn, mo sì hanrun.

Ọjọ́ tí ẹ̀ka àkọ́kọ́ yọ ewé, ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i. Kò pariwo. Ó fà mí láṣọ dé ìdí rẹ̀, ó nàka. Ohun kékeré kan ni, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, ó sì ń dán. Mo ti rí ilé, mo ti rí ìyàwó, mo ti rí ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ lábẹ́ igi yìí, n kò tíì ga bí mo ṣe ga lọ́jọ́ náà. Mo rìn láti òpin àdúgbò dé òpin rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ̀.

Mo ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n wá jẹ́rìí. Wọ́n ní, "Ewé ni. Igi tí wọ́n fi ṣe òpó pàápàá máa ń yọ ewé." Ó tanná, mo tún ránṣẹ́. Wọ́n ní òdòdó kì í ṣe èso. Ó so, mo ní kí Káfíńtà lọ. Wọ́n ní, "Ó so, ṣé ó dùn? Kíkan ló máa kan." Mo ká èyí tó pọ́n jù, mo fi kún apẹ̀rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n dá apẹ̀rẹ̀ padà, wọ́n ní àwọn kò ní fi ẹnu kan ọsàn àgídí. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dá padà yìí ṣófo. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ wọn wá da pàǹtí nù, èèpo ọsàn wà láàrin àjákù aṣọ, wọ́n bó o ní gígùn láìjá, bí télọ̀ ṣe ń gé ìgbátí aṣọ. Mo rí i. Láti ọdún náà wá, apẹ̀rẹ̀ ń lọ, apẹ̀rẹ̀ ń bọ̀, ẹnu wọn ò sì gbà pé igi yè.

6. Wàyí o, igi ọsàn náà fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí mo fi í fún. Ilẹ̀ tó dúró lé, ti àwọn ọmọ mi méjèèjì ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àáké, ayùn, iná tàbí omi gbígbóná kàn án, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rán ẹlòmíràn láti fi kàn án. Bí ó bá dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ì báà jẹ́ nítorí lọ́rí, ṣọ́ọ̀bù tàbí kànga, n kò ní kí ó fara dà á. Kí ó gbé e. Kí ó gbé e láàyè, pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti fún un láyè di ẹrù rẹ̀, kí ó sì gbìn ín síbi tí yóò ti máa fojú wo oòrùn. Bí igi náà bá yè, ẹni tó gbé e ti borí, mo sì kí i láti ibi tí mo bá wà. Bí igi náà bá kú, ìpín ẹni náà nínú ilé yìí di ti ẹnìkejì rẹ̀, kò sì sí ẹjọ́ níbẹ̀.

Àkọ́bí mi, ìwọ ni mo ń bá wí. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ fún mi ni mo sọ fún ọ. Wọ́n sọ ọ́ fún mi láti fi lé mi lọ; èmi sọ ọ́ fún ọ kí o lè dúró.

7. Àwọn ọmọ igi tó wà nínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, inú kóró ọsàn yìí ni gbogbo wọn ti jáde. Kí wọ́n pín wọn kárí àdúgbò, ilé kọ̀ọ̀kan, ọmọ igi kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilé tí wọ́n ti wá kí mi kú ara fẹ́ra kù, kí wọ́n fún wọn ní méjì-méjì. Kí nọ́ọ̀sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbìn ín: kí wọ́n má rì í jinlẹ̀ ju bó ṣe wà nínú agolo lọ, kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí wọ́n má sì máa fà á wò láràárọ̀ bóyá ó ti mú. Ohun tí a bá ń fà wò kì í mú.

8. Ẹ má ṣe sin mí sábẹ́ igi yìí. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á dá a lábàá, á sì máa sunkún bó ṣe ń dá a. Mo gé gbòǹgbò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. N kò ní tún dí i lọ́nà. Ibi tí wọ́n ń sin àwọn èèyàn ni kí ẹ sin mí sí.

9. Ẹ̀gbọ́n mi télọ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ pé n kò fún wọn nílé. N kò fún wọn nírin iṣẹ́, n kò fún wọn lówó, n kò fún wọn lẹ́ran. Mo mọ̀ pé ojú wọn ti ń pọ́n bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ bọ̀, pé wọ́n ti ń ṣẹ́ ọwọ́ aṣọ láti dìde. Kí wọ́n jókòó.

Akọ̀wé ló ṣàlàyé òfin fún mi: ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ìwé ìhágún kò gbọdọ̀ jẹ nínú ogún náà. Bí mo bá fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo fún ẹ̀gbọ́n mi, wọn kò lè fọwọ́ sí i. Nítorí náà, mo wẹ̀ wọ́n mọ́ kúrò nínú gbogbo rẹ̀. Káfíńtà náà kò gba nǹkan kan, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Ó ti jẹ tirẹ̀ ṣáájú lórí igi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ọjọ́ tó bá yè, kí n wá pè yín. Mo pè yín nígbà ewé, mo pè yín nígbà òdòdó, mo pè yín nígbà èso. Mo tún pè yín. Bírò rèé. Ibi tí ẹ jókòó sí yìí, ta ló ń ṣíji bò yín?

10. Èyí tó kù kì í ṣe ogún, nítorí náà kí òfin má dá sí i.

Agolo kékeré kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Òwú pupa ni ó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò fọ ṣọ́ọ̀kì mi lọ, tí mo ń yí igi ká bí adìyẹ tó sọ ẹyin nù, mo rí òwú yìí lára ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kan. Wọ́n wé e mọ́ ẹ̀ka náà, wọ́n sì ta á ní kókó. Mo mọ kókó yẹn. Òun náà ló wà lábẹ́ gbogbo bọ́tìnì tí mo ti wọ̀ láyé mi. Ẹnì kan ti sọ̀kalẹ̀ wá so ó kí a tó fa igi yọ, nígbà tí ẹ̀ka náà ṣì ń wo ibi tí oòrùn ti ń yọ.

Àgbẹ̀ lè gbẹ́kẹ̀ lé ṣọ́ọ̀kì. Télọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí télọ̀ bá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ, á fi òwú rán orí ìlà náà kí ó tó gbé aṣọ náà, nítorí ó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì kì í bá ni dé ilé. Ẹni tó ń kígbe lé mi lórí láti ojú fèrèsé ló rí àṣìṣe mi kí n tó ṣe é tán. Àwa méjèèjì la jọ jókòó lẹ́sẹ̀ bàbá wa nígbà tí wọ́n ń sọ pé igi ní ojú.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti mọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ fẹ́ kó yè, ẹ kò kàn fẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ fẹ́ ẹ. Èmi náà kò sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo mọ̀. Bí a ṣe rí nìyẹn, igi kan náà ló bí wa. Mo tú òwú yín, mo tọ́jú rẹ̀. Mo dá a padà fún yín lónìí. Ẹni tí a dá nǹkan rẹ̀ padà fún kò jogún, akọ̀wé ti sọ pé kò bà á jẹ́. Ẹ gba òwú yín, kí ẹ sì fọwọ́ síwèé.

Ó parí. Kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí wọ́n má yọ ọ̀kan.

Mo tẹ̀ ẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, nígbà tí igi náà wà nínú òdòdó.

Àmì àtàǹpàkò ọ̀tún Agbégirìn, pẹ̀lú erùpẹ̀ díẹ̀, nítorí wọ́n kọ̀ láti fọ ọwọ́.

Èmi akọ̀wé ka gbogbo rẹ̀ sókè lábẹ́ igi náà níṣojú ẹbí. Nígbà tí mo ka ìkẹfà tán, àkọ́bí dìde, ó fi okùn ìwọnlẹ̀ rẹ̀ yí ìdí igi ká, ó wo okùn náà, ó wo ilẹ̀, ó sì ká okùn rẹ̀ sápò. Ó ní bí òun bá fi ẹ̀yìn lọ́rí wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó máa gbà á, àti pé òjìji igi á bo orí mọ́tò. Bàbá ní, "Kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Nígbà tí mo ka ìkẹwàá tán, Bàbá na agolo náà sí ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹ̀gbọ́n Bàbá gba agolo, wọ́n ṣí i, wọ́n fi ìka wo kókó òwú náà pẹ́. Wọ́n ní, "Ó ti ṣá." Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́ sí mi fún bírò.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Káfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó gbé pákó wá. Ó fọwọ́ sí i.

Ẹlẹ́rìí kejì: Télọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Mo rí i. Igi náà yè. Ọsàn rẹ̀ dùn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dùn.